Orí Keje: Ààbò àti Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Yunifásítì

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

1. ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ewu àti ìwọ̀n ewu;
2. to ọ̀nà márùn-ún tí a ń gbà dènà ewu bí agbára wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn;
3. dárúkọ àwọn ohun tí ètò ààbò yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè ṣiṣẹ́;
4. sọ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà.

7.1 Yunifásítì náà, ibi iṣẹ́ ni

Bí a bá ní kí ènìyàn dárúkọ ibi iṣẹ́ tó léwu, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ibi ìwakùsà, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́wàá. Ìwé la mọ yunifásítì mọ́, a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìpalára. Ṣùgbọ́n jí ní kùtùkùtù lọ́jọ́ kan, kí o rìn yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ po kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ilé sẹ́nétì, òṣìṣẹ́ kan ń da dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀. Ní ẹ̀ka kẹ́mísírì, tẹkiníṣíàn ń po ásíìdì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò ní agogo mẹ́sàn-án. Àwọn agbálẹ̀ ti wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń da oògùn sí i. Lóko yunifásítì, ẹnì kan gbé táǹkì oògùn apakòkòrò kọ́ ẹ̀yìn. Ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì ń wá ibi tí yóò ju abẹ́rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí. Àwọn tó ń gé koríko ń wo ẹsẹ̀ wọn nítorí ejò, bẹ́ẹ̀ ni òkúta kéékèèké ń ta jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wọn. Akọ̀wé tí kò sún mọ́ iná tàbí ásíìdì rárá ń bọ̀ wá jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló mú kí ọ̀rọ̀ ààbò ní yunifásítì le ju ti ilé iṣẹ́ lásán lọ. Èkíní, ewu ibẹ̀ pọ̀ ní oríṣi. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ mọ ewu ọṣẹ, ṣùgbọ́n ọgbà yunifásítì kan ṣoṣo lè ní láàbù, ilé ìwòsàn, oko, ilé ìtẹ̀wé, ilé ìdáná, ọgbà ẹranko àti ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀. Èkejì, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń yí padà. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò di ìgò kẹ́míkà mú rí ń wọlé, tí àwọn tó ti mọwọ́ iṣẹ́ sì ń gboyè lọ. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ìwádìí ni láti ṣe ohun tí a kò ṣe rí. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ẹni tó tíì mọ bí ohun tuntun náà ṣe ń pani.

Nítorí èyí ni yunifásítì ṣe nílò *ètò*. Ètò kì í ṣe pátákó “Ẹ Ṣọ́ra” tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tí à ń pè ní ètò ni ọ̀nà tó wà nílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, láti rí ewu, láti wọ̀n ọ́n, láti dènà rẹ̀, àti láti padà wá wò ó bóyá ìdènà náà ṣì dúró.

7.2 Ewu àti ìwọ̀n ewu

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Rírí ni ìbẹ̀rẹ̀ ààbò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ewu gbọ́dọ̀ lè sọ bó ṣe tóbi tó.

*Ewu* ni ohunkóhun tó lè pani lára: ásíìdì, iná mànàmáná, ariwo, àtẹ̀gùn tí kò ní ibi ìdìmú, kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀. *Ìwọ̀n ewu* ni ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: báwo ló ṣe rọrùn tó kí ìpalára ṣẹlẹ̀, báwo ni ìpalára náà yóò sì ti pọ̀ tó bí ó bá ṣẹlẹ̀? Ásíìdì kan náà tó wà nínú ìgò tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ lára, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì, ìwọ̀n ewu rẹ̀ kéré. Bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ike omi mímu tó ti ṣófo, kí o gbé e lé orí tábìlì. Ásíìdì kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè pàdé rẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti wọn ewu ni kí a fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, kí a sì sọ méjèèjì di púpọ̀. Èyí tó bá kéré jù yóò jẹ́ 1, èyí tó bá pọ̀ jù yóò jẹ́ 25.

*Àpẹẹrẹ.* Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, àwọn agbálẹ̀ ní omi ìfọṣọ funfun bíi Hypo tàbí Jik, wọ́n sì tún ní oògùn ìfọṣálángá tó ní ásíìdì. Nígbà tí ìdọ̀tí bá le, wọ́n máa ń da méjèèjì pọ̀ kí ó lè “lágbára”. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni gáàsì kílórìn, tó ń jó ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí pé ó wọ́pọ̀ kí wọ́n pò ó pọ̀, a fún ìṣeéṣe ní 4. Nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ há, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, a fún ìpalára ní 4. Ìwọ̀n ewu jẹ́ 16. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá dẹ́kun ríra èyí tó ní ásíìdì, ìṣeéṣe di 1, ìwọ̀n ewu sì di 4. Ṣàkíyèsí pé ìpalára ṣì jẹ́ 4: kílórìn kò rọ̀ nítorí pé a kọ ìwé nípa rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a gé ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

7.3 Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e yìí ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fara balẹ̀ kà wọ́n, nítorí ibi tí ìdènà ti já nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò jọra. A kò kọ wọ́n láti dá òkú lẹ́bi.

*Ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní: Ilé-Ifẹ̀, 2024.* Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 2024, kìnnìún kan nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí. Nínú ọgbà náà ni wọ́n ti bí àwọn kìnnìún yìí ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, òun ló sì ń tọ́jú wọn láti ìgbà náà. Àsìkò tó ń fún wọn lóúnjẹ ló ṣẹlẹ̀. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà ni pé ilẹ̀kùn kan ni kò wà ní títì. Wọ́n pa kìnnìún náà, yunifásítì sì pàṣẹ ìwádìí.

Ojú tó bá ti mọ ewu pẹ́ kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ṣí ilẹ̀kùn kan, tó sì ti tì í, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìsí wàhálà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ lè wà níbòmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò fún ẹni tó ń ṣètò ààbò kọjá “Kí ló dé tó gbàgbé?” Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé. Ìbéèrè náà ni pé: “Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbàgbé kan ṣoṣo ló dúró láàárín òun àti ikú?”

*Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì: Los Angeles, 2008.* Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2008, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ìsinmi ọdún, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 23 ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù kẹ́mísírì ní Yunifásítì Kalifọ́níà, UCLA. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń fi sírínjì fa kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní tert-butyllithium, èyí tó máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ọ̀pá sírínjì náà yọ jáde, kẹ́míkà dà, iná sọ. Kò wọ kóòtù láàbù. Súwẹ́tà tí a fi òwú oníke hun ló wà lọ́rùn rẹ̀, iná sì gbá a mú. Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2009, ó kú.

Èyí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí jù ni pé wọ́n ti rí i ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, nǹkan bí oṣù méjì kí iná tó sọ, àwọn aṣàyẹ̀wò ààbò yunifásítì fúnra wọn ti wọ láàbù náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í wọ kóòtù. Títí di ọjọ́ iná náà, a kò tíì tún un ṣe. Wọ́n ní ká wí fúnni ká gbọ́, ká sọ fúnni ká gbà, ni ń múnú ẹni dùn. Ìwé wí, ọwọ́ kò gbà. Lọ́dún 2011, ìjọba gbé yunifásítì àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn. Lọ́dún 2012, yunifásítì gbà pé ẹrù ọ̀rọ̀ náà wà lórí òun, ó ṣèlérí àtúnṣe ètò ààbò, ó sì fi ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orúkọ olóògbé. Lọ́dún 2014, ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá ìjọba ṣe àdéhùn tó gbé iṣẹ́ ìlú àti owó ìtanràn lé e lórí. Nínú gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ láàbù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti di ọ̀rọ̀ kóòtù.

*Ìṣẹ̀lẹ̀ kẹta: Dartmouth, 1996.* Karen Wetterhahn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth College, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn irin olóró ṣe ń ṣe ara ènìyàn ni ìmọ̀ rẹ̀ dá lé. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1996, ẹ̀kán díẹ̀ nínú kẹ́míkà mẹ́kúrì kan, dimethylmercury, bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú fume cupboard, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa èéfín síta. Kò sí ìrora, kò sí egbò. Ó di oṣù Kìíní ọdún 1997 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó di àdàlù. Ó kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1997, ní ọmọ ọdún 48. Nígbà tí wọ́n dán ìbọ̀wọ́ náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kẹ́míkà yìí ń la rọ́bà rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀.

Ní UCLA, ìlànà wà, a kò tẹ̀lé e. Ní Dartmouth, a tẹ̀lé ìlànà, ìlànà fúnra rẹ̀ ni kò tó. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni iṣẹ́ gbé lọ. Ètò tó bá dáhùn ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tó fi méjì sílẹ̀, kò tíì di ètò.

7.4 Àtẹ̀gùn ìdènà márùn-ún

Àwọn onímọ̀ ààbò máa ń to ìdènà bí àtẹ̀gùn. Ti òkè ló lágbára jù, nítorí pé kò dúró de ìrántí ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìdènà ń gbára lé ènìyàn sí i.

1. *Mú ewu kúrò pátápátá.* Bí a kò bá nílò kẹ́míkà kan mọ́, kí a má rà á. Ìgò tó ti wà lórí pẹpẹ láti ogún ọdún, tí orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń dúró de ẹni tí yóò jábọ́ lé.

2. *Fi èyí tó rọ̀ rọ́pò èyí tó le.* Lẹ́yìn ikú Wetterhahn, a gba àwọn onímọ̀ níyànjú pé kí wọ́n má lo dimethylmercury mọ́ bí ohun mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ náà.

3. *Fi ẹ̀rọ tàbí ilé dí i.* Nínú ọgbà ẹranko, èyí ni ilẹ̀kùn méjì tí a so mọ́ra, tí èkejì kò fi ní ṣí àfi tí àkọ́kọ́ bá ti tì. Nínú láàbù, fume cupboard ni. Nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, irin tí a fi bo ibi tó ń yí ni.

4. *Ṣe ìlànà iṣẹ́.* Ẹni méjì ni kí ó wọ ibi ẹranko, kí ẹnì kan ka ẹranko kí èkejì tó ṣílẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kẹ́míkà tó ń gbiná lọ́jọ́ ìsinmi. A kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú láàbù.

5. *Wọ ohun ìdáàbòbò.* Kóòtù, ìbọ̀wọ́, awò ojú, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìbòmú. Ìwọ̀nyí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òpin àtẹ̀gùn ni wọ́n wà. Ìbọ̀wọ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lè má dá mẹ́kúrì dúró.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa ni pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. A ra páálí ìbọ̀wọ́ kan, a pín in, a ya fọ́tò, a ní ètò ààbò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú ni: ṣé iṣẹ́ yìí tilẹ̀ nílò ohun tó léwu yẹn?

7.5 Ohun tí ètò gbọ́dọ̀ ní

*Ẹni tó ni í.* Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olùtọ́jú. Gíwá yunifásítì ló ni ètò ààbò, òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìlànà rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ọ́fíìsì ààbò wà tó lè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n èyíkéyìí pé “Ẹ dáwọ́ dúró, sà,” kí ọ̀rọ̀ náà sì múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ààbò gbọ́dọ̀ ní aṣojú àwọn olùkọ́, tẹkiníṣíàn, agbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Agbálẹ̀ mọ yàrá tí omi ti ń jò sórí wáyà ju díìnì lọ, nítorí pé òun ló ń nù ún.

*Ojú tó ń wò.* A gbọ́dọ̀ máa yẹ ibi iṣẹ́ wò ní àkókò tí a ti dá, pẹ̀lú ìwé tí a to ìbéèrè sí. Ohun tó ń sọ àyẹ̀wò di iṣẹ́ gidi ni òpó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún ìwé náà: *ta ni yóò tún un ṣe, ọjọ́ wo, ta ni yóò padà wá wò ó.* Bí òpó mẹ́ta yẹn bá ṣófo, ìwé àyẹ̀wò kò ju ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò yóò kà ní kóòtù lọ.

*Ẹ̀kọ́.* Kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ láàbù, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ìgò kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní ìwé àlàyé tó bá a wá, tó ní apá 16: bó ṣe ń pani, bí a ṣe ń pa iná rẹ̀, irú ìbọ̀wọ́ tó bá a mu, ohun tí a óò ṣe bí ó bá ta sójú. Kí ìwé náà wà níbi tí ọwọ́ yóò ti tó o, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ olórí ẹ̀ka tó ti rìnrìn àjò. Bí agbálẹ̀ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èdè tó gbọ́ ni kí a fi kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí kò yé ènìyàn, a kò tíì kọ́ ọ.

*Ìwé “Orí ló yọ mí”.* Bí pákó àjà bá já, tó sì bọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibi tí olùkọ́ dúró sí, ohun tí a máa ń sọ ni “Orí ló yọ mí,” tàbí “Ọlọ́run ló yọ mí.” A ó dúpẹ́, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dára kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pákó tó kù lókè kò mọ ìyẹn. Nínú ètò ààbò, gbogbo “orí ló yọ mí” gbọ́dọ̀ wọ ìwé ní ọjọ́ náà gan-an: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, kí ló kù tó lè já. Ìkìlọ̀ tí kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ni, kò sì sí èyí tó dínwó tó o. Bí a bá ń fìyà jẹ ẹni tó bá wá sọ, ìwé náà yóò ṣófo, àwọn alákòóso yóò sì rò pé àlàáfíà ló wà.

*Ìlera tí a kò fojú rí.* Jàǹbá kì í ṣe òjijì nígbà gbogbo. Ariwo tó bá wà ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè jẹ etí díẹ̀díẹ̀ títí ọdún yóò fi gorí ọdún, nítorí náà ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ ní ìdítí, kí a sì máa yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hepatitis B. Ẹni tó ń fọ́n oògùn sóko gbọ́dọ̀ ní ibi ìwẹ̀, kí ó má wọ aṣọ iṣẹ́ náà délé bá àwọn ọmọ rẹ̀.

7.6 Nígbà tí kò sí iná, tí kò sí omi

Ọ̀pọ̀ ìwé ààbò tí à ń kà ní yunifásítì wa, ibi tí iná kì í ti í lọ, tí omi kì í ti í gbẹ, ni wọ́n ti kọ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n níhìn-ín gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí òǹkọ̀wé wọn kò bi ara rẹ̀.

*Iná.* Fume cupboard kò fa èéfín nígbà tí iná bá lọ. Ní ìṣẹ́jú náà, àpótí tó ń dáàbò bò ọ́ ti di àpótí lásán tí èéfín kún. Nítorí náà, ìlànà láàbù gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a óò ṣe láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ yóò gbé e: de ìgò, pa ohun tó ń gbóná, sọ gíláàsì àpótí kalẹ̀, jáde. Kò sì yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a kò lè dá dúró láàárín méjì ní ọjọ́ tí iná kò bá dúró sójú kan. Jẹnẹrétọ̀ pàápàá ní ewu tirẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa ẹni tó bá sùn. A kò gbọdọ̀ gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé nítorí olè.

*Omi.* Bí kẹ́míkà bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ̀n tó yẹ kí ó máa ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ ìfọjú kò gbọdọ̀ dín ní lítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Sọ ọ́ di púpọ̀: 1.5 × 15 jẹ́ lítà 22.5. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Láàbù tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ kì í mú omi wá ní gbogbo ìgbà kò ní àwáwí. Kí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ kan wà lórí ibi gíga, pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù lẹ́nu rẹ̀, kí a kọ “Ojú nìkan” sí i lára, kí a sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó pátákó ìkíni káàbọ̀ ọ̀gá kan.

*Ilẹ̀kùn.* Nítorí olè, a fi irin sí fèrèsé, a sì ti ilẹ̀kùn kejì pa. Ilé tó ti di àgádágodo sí olè, bí iná bá sọ, ti di àgádágodo sí ẹni inú rẹ̀. Bí ọ̀nà àbájáde kejì bá gbọ́dọ̀ wà ní títì, kí ó jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ lè tì ṣí láti inú láìwá kọ́kọ́rọ́.

7.7 Ohun tí òfin sọ

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 17, sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ lọ́nà tí ìlera, ààbò àti àlàáfíà gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi wà láìléwu. Òfin Factories Act ti ọdún 1987 sọ ọ̀rọ̀ ààbò ní kíkún, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun jáde ló ń bá wí jù. Ilé ìtẹ̀wé yunifásítì lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ìkàwé kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà tí yunifásítì bá ṣe fúnra rẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Òfin tó kan òṣìṣẹ́ yunifásítì tààrà ni Employees’ Compensation Act ti ọdún 2010. Àjọ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Nínú àpò yìí ni a ti ń tọ́jú ẹni tó fara pa, tí a sì ti ń san owó fún ìdílé ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tí ìpalára ṣẹlẹ̀. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún àjọ náà láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó bá ní “Kò le, yóò san fúnra rẹ̀,” tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, lè rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò san, àti pé ìwé kankan kò mọ̀ ọ́n.

Òṣìṣẹ́ tó ní àdéhùn iṣẹ́ ni òfin yìí ń sọ, títí kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn wá ṣe pírákítíkà láàbù kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ààbò tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Lókè òkun, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe Àdéhùn 155 ní ọdún 1981, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1994. Àdéhùn náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí tó múná dóko láti gbà pé ewu ńlá fẹ́ já lu òun níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ILO ka ibi iṣẹ́ aláàbò àti onílera mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ni ọjọ́ ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri àgbáyé.

Àkótán

Yunifásítì jẹ́ ibi iṣẹ́ tí ewu rẹ̀ pọ̀ ní oríṣi, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń yí padà. Ewu ni ohun tó lè pani; ìwọ̀n ewu ni bó ṣe rọrùn tó àti bó ṣe pọ̀ tó. Ìdènà tí kò dúró de ìrántí ènìyàn ló lágbára jù, ìbọ̀wọ́ àti kóòtù ló kẹ́yìn. Ètò gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni í, ojú tó ń wò ó, ẹ̀kọ́, àti ìwé tí a ń kọ ìkìlọ̀ sí. Ìkìlọ̀ tí a kọ, tí a kò ṣe, kò dá iná dúró.

Ìdánrawò

1. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé ìdí tí ásíìdì kan náà fi lè ní ìwọ̀n ewu méjì.
2. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní 7.3, sọ àtẹ̀gùn ìdènà tó já àti èyí tí ìwọ yóò fi sí ibẹ̀.
3. Òṣìṣẹ́ kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ wo ni ìgbẹ̀yìn tó lè sọ fún agbanisíṣẹ́? Bí ó bá sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, kí ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe?
4. Kọ ìlànà ìlà márùn-ún fún láàbù kan, nípa ohun tí a óò ṣe bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́.
5. *Iṣẹ́ àṣelọ.* Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ yan yàrá kan ní ẹ̀ka yín. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ ewu márùn-ún sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, kí ẹ mú ìwé náà lọ bá olórí ẹ̀ka pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà síbẹ̀. Ohun tó bá ti yí padà nínú yàrá náà ni a óò fún ní máàkì. Gígùn ìwé kò ní máàkì kankan.